Ìbéèrè Tí Ìyá Ṣóbọ̀wálé Kì Í Túmọ̀

Ìyá Ṣóbọ̀wálé kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Abẹ́rẹ́ ló ń sè, ilẹ̀ ló ń gbá, aṣọ orí tábìlì dókítà ló ń fọ̀. Ṣùgbọ́n láti Ìkòsì dé Kétu, Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ayé ń pè é, torí pé aṣọ funfun ló máa ń wọ̀ síṣẹ́, ó sì máa ń fi búlúù fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa tàn. Èmi tí ìjọba fi lẹ́tà gbà síṣẹ́ akọ̀wé, tí mo ní tábìlì àti àga tèmi, "bọ̀dá tó ń pe káàdì" ni wọ́n ń pè mí. Ó dùn mí fún bí ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ó sú mi, mo fi í sílẹ̀.

Ọláwuyì lorúkọ mi. Dìsípẹ́ńsárì kékeré tó wà ní Ìkòsì nígbà náà ni mo ti bá obìnrin yìí ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, èmi lórí ìjókòó, òun lórí ìdúró. Mo ní kí n sọ ìtàn rẹ̀ torí pé àwọn tó ń sọ ìtàn bí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní àwọn yunifásítì wa, orúkọ pọ̀fẹ́sọ̀ ni wọ́n máa ń kà, àti orúkọ ilé tí wọ́n kọ́. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ Keziah Ṣóbọ̀wálé. Bẹ́ẹ̀ òun ló kọ́ wọn ní ohun tí ìwé wọn kò mọ̀, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn.

Ọmọ Ṣágámù ni. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Kétu, nígbà tí Kétu ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ àti ilé alámọ̀ mélòó kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú. Ọkọ náà kú, ó fi ọmọkùnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, Ẹkúndayọ̀. Ẹkúndayọ̀ wọṣẹ́ ológun ní ọdún 1968, wọ́n gbé e lọ sójú ogun abẹ́lé, lẹ́tà méjì péré ló kọ wálé. Ogun parí. Àwọn tí yóò padà, wọ́n padà. Bí ẹ bá bi Ìyá Ṣóbọ̀wálé léèrè ọmọ rẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Kò tíì dé." Kò sí ẹni tó jẹ́ bá a jiyàn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí a kò bá fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, a kì í fi ẹnu ara wa pè é.

Ọdún 1973 ni yunifásítì kan gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá bá wa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹ̀ka tó ń kọ́ dókítà nípa àrùn ọpọlọ sílẹ̀ ni, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ sì ti pinnu pé ọmọ tó bá fẹ́ tọ́jú ọkàn èèyàn kò gbọdọ̀ kọ́ ọ láàárín ògiri ilé ìwòsàn nìkan, níbi tó jẹ́ pé àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ti kọjá àtúnṣe ni yóò máa rí. Kó wá síbi tí àwọn èèyàn ń gbé, kó rí wọn kí nǹkan tó bàjẹ́. Àbá náà dára. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo ṣì ń sọ ọ́. Ohun tó kàn kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó bi wá bóyá àga wa yóò tó.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni bọ́ọ̀sì wọn máa ń já akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ sílẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ wọn, Dókítà Ọláìyá, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ti kàwé pẹ́ ní ìlú òyìnbó. Oṣù kan gbáko, aláìsàn kankan kò wá. Ta ni yóò jẹ́ kí aládùúgbò rí òun níwájú dókítà wèrè? Ìyá Ṣóbọ̀wálé ló tún un ṣe. Ó ní kí n kó káàdì pupa tí yunifásítì kó wá tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n máa fún aláìsàn wọn ní funfun tí à ń fún oníbà. Ó wá ń sọ fún àwọn obìnrin nídìí ẹ̀rọ omi pé dókítà Ọjọ́bọ̀ mọ̀ nípa àìróorunsùn àti àyà tó ń já. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, bẹ́ǹṣì kò gbà wọ́n mọ́.

Èdè ló kù. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gbọ́ Yorùbá. Calabar ni eléyìí ti wá, Bìní ni tọ̀hún ti wá. Wọ́n ní ìwé gígùn kan tí wọ́n ń kọ ìdáhùn aláìsàn sí, ogójì ìbéèrè, wọ́n dà á kọ láti ìlú òyìnbó. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, Ìyá Ṣóbọ̀wálé tó kàwé dé Sítáńdáàdì Síìsì yóò túmọ̀ rẹ̀, aláìsàn yóò dáhùn, ìyá yóò sì gbé ìdáhùn padà. Dókítà Ọláìyá wà nínú yàrá kejì, òun ni yóò ka ìwé náà tí yóò kọ oògùn. Ogójì èèyàn lọ́jọ́ kan. Kò ráyè tún ẹnikẹ́ni bi.

Ó mọ̀ ọ́n túmọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bí ìwé bá fẹ́ mọ̀ bóyá aláìsàn ń gbọ́ ohùn ẹni tí kò rí, kì í bi í bẹ́ẹ̀ gan-an. Yóò ní, "Ìyá, ẹni tó máa ń pè yín yẹn, ṣé ó tún pè yín láàárọ̀ yìí?" Ẹni náà yóò sọ tinú rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kì í túmọ̀, ìyẹn ìbéèrè kọkàndínlógún. Ohun tí ìyẹn fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ń wu aláìsàn kó kú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kà á tán, Ìyá Ṣóbọ̀wálé yóò kọjú sí aláìsàn, yóò ní, "Ṣé ẹ ń sùn dáadáa?" Ohunkóhun tí ẹni náà bá fi dá a lóhùn, yóò yíjú padà, yóò ní, "No, sir." Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ pé rárá.

Ìtòsí wọn ni tábìlì mi wà. Mò ń gbọ́ ọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo sì máa ń sọ lọ́kàn mi pé àgbà ni obìnrin yìí. Ta ni yóò wo ojú ìyá ọlọ́mọ kó bi í bóyá ikú ń wù ú? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n ń dá tiwọn bèèrè, fífò ni àwọn náà ń fo ìbéèrè yẹn. Àwa tí a máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé ikú yá ju ẹ̀sín, ẹ wá wo bí àyà wa ṣe máa ń já tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ kú ní tòótọ́.

Bó ṣe di pé nínú ìwé yunifásítì nìyẹn: láàárín ọdún kan àti oṣù díẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan ní Ìkòsì, Kétu àti Sangisa tó wù kó kú. Dókítà Ọláìyá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó fi kọ ìwé, ó sì lọ kà á níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpàdé ńlá kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún wa pé ayé ti gbọ́ nípa Ìkòsì, pé àwọn èèyàn wa mọ bí a ti ń fara da ìyà. Ìyá Ṣóbọ̀wálé ń nu tábìlì lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì ń nu tábìlì lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, ọdún tí ìjọba san àfikún owó oṣù Udoji, tí gbogbo èèyàn ń ra rédíò, ni Yúnúsà bíríkìlà mú ìyàwó rẹ̀ wá láti Sangisa. Hùmúàní ni wọ́n ń pè é, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ oṣù mẹ́ta, ti kú lẹ́yìn Iléyá. Láti ìgbà náà kò jẹun tó nǹkan, kì í wẹ̀ bí wọn kò bá wẹ̀ ẹ́, kò sì fẹ́ẹ́ dá èèyàn lóhùn mọ́. Yúnúsà tó ń rojọ́ náà, sìmẹ́ńtì ṣì wà léèékánná rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kò sùn.

Èmi ni mo kọ káàdì obìnrin náà. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ìwé kíkà àti èdè, mo wo ìró rẹ̀ tó ti ṣá, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò sí bàtà, mo sì kọ ọ́ pé kò kàwé, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò bi í.

Bartholomew ni akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó tì í, ọmọ Calabar gíga kan tó máa ń kí èmi pàápàá kó tó wọlé. Ó ka ìbéèrè àkọ́kọ́, Hùmúàní kò fèsì. Ó ka ìkejì, kò fèsì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀, tí Bartholomew ń làágùn, títí wọ́n fi dé ìkọkàndínlógún.

"Ìyàwó, ṣé o ń sùn dáadáa?" ni Ìyá Ṣóbọ̀wálé wí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Hùmúàní gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Mo fẹ́ kú, Mà," ló wí. "Kànga ẹ̀yìn ilé wa ni mò ń wò láti ọjọ́ mẹ́ta."

Kò pariwo. Bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé ló ṣe sọ ọ́.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ìyá Ṣóbọ̀wálé yí ọwọ́ ká orí ara rẹ̀, ó ta ìka. "O ò ní kú. Láìpẹ́ wàá tún gbé òmíràn pọ̀n."

Bartholomew béèrè ohun tó wí. Ìyá Ṣóbọ̀wálé yíjú sí i. "She is tired, sir," ló wí. "She is not sleeping well."

Bartholomew kọ ọ́ sílẹ̀. Hùmúàní wo ìyá, ó wo bírò tó ń lọ lórí ìwé, ó sì tún sọ orí kodò. Dókítà Ọláìyá ka ìwé náà, ó kọ oògùn ìtura díẹ̀, ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Èmi náà gbọ́ ohun tí obìnrin náà sọ, mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀. Mo rò pé Ìyá Ṣóbọ̀wálé ṣe é dáadáa. Mo rò bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, bàtà ìrìn jíjìn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ọláwuyì, jọ̀ọ́, bá mi buwọ́ lu ìwé ìwọṣẹ́ òní," ló wí. Mo ní ṣé ó mọ̀ pé ìyẹn lè lé èmi náà lẹ́nu iṣẹ́? Ó ní òun mọ̀. Mo kùn títí, mo sì buwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ Sunday kò sí lórí ìjókòó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin tí kì í pa ìsìn jẹ bí òjò bá ń ya orí òrùlé lọ. Ní Monday ó tún bẹ̀ mí kí n buwọ́ lu ìwé. Mo ní ó di dandan kó sọ ibi tó ń lọ fún mi.

Sangisa ló ń lọ. Kò rí oorun sùn láti Ọjọ́bọ̀. Tó bá ti di ojú, kànga ló ń rí. Ló bá fi ẹsẹ̀ rìn ín gba inú oko, ó lé ní wákàtí kan, ó sọ fún àwọn ará ilé Yúnúsà pé ìjọba ló rán òun wá láti máa yẹ omi kànga wò. Ó dojú korobá dé, ó jókòó tì í. Láàárọ̀ yóò yẹ omi wò, lọ́sàn-án yóò yẹ ẹ́ wò, bí Yúnúsà bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ni yóò tó dìde. Ó tún ní òfin tuntun ti dé pé gbogbo kànga gbọ́dọ̀ ní ọmọrí àti kọ́kọ́rọ́. Yúnúsà, ẹni ẹlẹ́ni, fi pákó ibi iṣẹ́ kan ọmọrí náà ní Sátidé, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ fún òṣìṣẹ́ ìjọba.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ọkọ obìnrin náà.

"Kí n ní kí ni?" ló wí. "Kí n fi ẹnu mi sọ ọ́ nínú ilé tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ?"

"Ẹ sọ fún dókítà nígbà náà."

Ó wò mí títí. "Tí mo bá sọ èyí," ló wí, "ó di dandan kí n sọ ti gbogbo àwọn tó kù." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Aṣọ funfun ẹ̀yìn rẹ̀ ti di aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀. Mo buwọ́ lu ìwé, mo sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Wednesday, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó bu ògì gbígbóná fún Hùmúàní, àwọn méjèèjì jókòó ti kànga tó ti ní ọmọrí. Hùmúàní gbá ife náà mú, kò mu ún. Ó ní, "Mà, omi wo gan-an lẹ̀ ń yẹ̀ wò?"

Ìyá Ṣóbọ̀wálé wo ọmọrí kànga.

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún dókítà kékeré yẹn," ni Hùmúàní wí. "Ẹ ní mo ní mo *tired*. Mo bá òyìnbó tọ́mọ fún ọdún mẹ́rin ní Àpápá, Mà. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí màá sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún. Ìyá mi ní kí n má jẹ́ kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu mi mọ́. Yúnúsà dìde, ó jáde. Mo wá sọ ọ́ fún yín torí aṣọ funfun tí ẹ wọ̀. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ sì jù ú nù lójú mi."

Nígbà tí Ìyá Ṣóbọ̀wálé ń sọ èyí fún mi, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó ní ojú ti òun débi pé òun kò lè wo ọmọbìnrin náà. Ó ní òun wá bi í: "Hùmúàní, ṣé ó ṣì ń wù ọ́ kí o kú?"

Hùmúàní ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá bú sẹ́kún. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ náà, kò tíì sunkún. Ó sunkún títí ògì fi tutù, ìyá sì dì í mú síbẹ̀ títí Yúnúsà fi dé. Ìyá sọ ọ́ fún Yúnúsà náà, láìfi bọpo bọyọ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ó ní ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ wá. Ìyá Ṣóbọ̀wálé kò dúró de káàdì. Ó wọ yàrá dókítà láìkan ilẹ̀kùn, èmi sì wà níbẹ̀ tí mò ń to fáìlì. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ti Hùmúàní àti ti gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Dókítà Ọláìyá bọ́ dígí ojú rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ló béèrè.

"Láti Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, sà."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ti ń ro bí màá ṣe sẹ́ pé èmi kọ́ ni mo buwọ́ lu ìwé. Ṣùgbọ́n dókítà kò bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó dàbí ẹni tó ń gbé ẹrù gun òkè, tí wọ́n wá sọ fún un pé òkè kọ́ nìyẹn. Ó ní, "Báwo lẹ ṣe wá bi í ní Yorùbá?"

Ìyá Ṣóbọ̀wálé tún gbólóhùn náà sọ. Dókítà la ẹnu láti sọ ọ́ tẹ̀ lé e, ó dé ìdajì, ó dákẹ́.

"Mi ò mọye èèyàn tí mo ti bi ní ìbéèrè yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì," ló wí. "Mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni rí ní Yorùbá. Ìyá mi ló kọ́ mi ní Yorùbá. Kò kọ́ mi ní ìyẹn."

Bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé Hùmúàní lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, Yúnúsà jókòó tì í. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló lò níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó rù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yá, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní Iléyá ọdún náà, ó gbé abọ́ ẹran méjì wá sí dìsípẹ́ńsárì. Ó ní ti Nọ́ọ̀sì nìyí, ti bọ̀dá tó ń pe káàdì nìyí. Mo jẹ tèmi pẹ̀lú ìtìjú, torí mo ti padà rí ohun tí mo kọ sí káàdì rẹ̀, pé kò kàwé, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Dókítà Ọláìyá kọ̀wé sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ohun tí òun kà fún wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn. Èmi ni wọ́n ní kí n hú gbogbo káàdì àtijọ́ jáde kí a lè tún àwọn èèyàn náà rí. A rí àwọn kan. Àwọn kan ti kó lọ. Ilé mẹ́ta wà tí a dé, tí wọ́n sọ fún wa pé ẹni tí à ń béèrè ti kú, tí wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ padà kíá. Ìyá Ṣóbọ̀wálé kì í jẹun lọ́jọ́ tí a bá ti dé irú ilé bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí a tó pe káàdì àkọ́kọ́, yóò dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, òun tó ń gbálẹ̀, yóò ní, "Ẹ wí tẹ̀ lé mi: Ṣé ó ń wù yín kí ẹ kú?" Ẹnu mẹ́jọ yóò wí i pẹ̀lú ohùn Calabar àti ohùn Bìní. Àwọn aláìsàn tó wà níta yóò pariwo, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin kan pọn ọmọ rẹ̀, ó sá lọ sílé.

Ó kọ́ wọn pé ẹni tó wà lórí ìdúró kì í béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fa àga, ẹ jókòó. Ẹ kọ́kọ́ kí i kú iṣẹ́, kú ìfaradà, ẹ béèrè àwọn ará ilé. Tí ẹ bá bi í tán, ẹ dákẹ́. "Tí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́run-má-jẹ̀ẹ́ yóò sáré wá sẹ́nu yín," ló máa ń wí fún wọn. "Ẹ gbé e mì. Ẹ máa gbàdúrà yín tí ẹ bá délé. Ẹni tó bá ti sọ ọ́ níbẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn." Dókítà Ọláìyá ní kí wọ́n kọ gbólóhùn náà sínú ìwé ìbéèrè ní Yorùbá, lábẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Bartholomew ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n wí tí àmì ohùn rẹ̀ pé.

Ẹ má rò pé ó rọrùn fún obìnrin náà. Fún ọdún mẹ́rin, tí ẹ̀kọ́ bá ti parí, yóò lọ sẹ́yìn ilé, yóò bu omi yọ ẹnu, yóò tutọ́ sílẹ̀, kó tó padà wá túmọ̀ fún ogójì èèyàn. Yóò ní, "Ọláwuyì, ó ti rẹ̀ mí." Èmi yóò ní ó rẹ èmi náà. Bí a ṣe ń wí nìyẹn, lọ́dọọdún.

Ní ọdún 1979, owó tí wọ́n fi ń ṣe ètò náà tán. Dókítà Ọláìyá ti lọ kọ́ni ní yunifásítì mìíràn. Bartholomew, tó ti di dókítà, ló ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá báyìí. Nínú oṣù kan náà ni lẹ́tà ìfẹ̀yìntì Ìyá Ṣóbọ̀wálé dé. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, aláìsàn kò pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wọ bọ́ọ̀sì. Ìyá ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù: aṣọ funfun méjì, búlúù, Bíbélì, lẹ́tà ológun méjì tí etí wọn ti jẹ.

Mo fẹ́ dá a lára yá. Mo ní, "Mà, kí lẹ máa wá máa ṣe nísinsìnyí?"

"Màá jókòó," ló wí. "Màá jókòó dè é."

Bartholomew ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó gbọ́ ọ. Ó sọ báàgì náà kalẹ̀, ó fa àga, ó jókòó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà," ló wí ní Yorùbá. "Ẹ kú ìfaradà. Ẹkúndayọ̀ ńkọ́?"

"Kò tíì dé."

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì fun fèrè níta, Bartholomew kò yíjú wò ó. Ó ní, "Mà, ṣé ó ń wù yín kí ẹ kú?"

Ọlọ́run-má-jẹ̀ẹ́ ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

Ìyá Ṣóbọ̀wálé wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ẹkúndayọ̀ ti kú," ló wí. "Mo ti mọ̀ láti ọdún tí ogun parí. Àti ìgbà náà ló ti ń wù mí. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí mo fi ń kọ́ yín, mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé bóyá lónìí ẹnì kan nínú yín á bi èmi náà."

Mo fa dúrọ́ọ̀ mi, mo mú káàdì funfun kan, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i: Keziah Ṣóbọ̀wálé. Mo kọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀, torí mo mọ̀ wọ́n. Nígbà tí mo dé ibi èdè, mo gbé bírò dúró.

"Èdè wo lẹ máa fi sọ ọ́, Mà?" ni mo bi í.

Ó ní Yorùbá.